Ọdún Mẹ́tàdínlógún Tí Mo Fi Sàmì Sórí Ọ̀rọ̀ Ìfẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìkọ̀wé mi ṣe ẹlẹ́yà. Ọdún kan péré ni mo lò ní girama kí n tó kúrò, mi ò sì kọ ohun tó gùn rí tó jẹ́ tèmi. Ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ni mo máa ń gbé sọ́wọ́. Tí ẹ bá rí ibi tí gbólóhùn mi ti wọ́, ẹ bá mi tò ó. Ṣùgbọ́n ní ti àmì orí ọ̀rọ̀, ẹ má wulẹ̀ wá àṣìṣe lọ síbẹ̀. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ mi wà.

Arákùnrin tó ń ṣètò ìwé àwọn ọ̀dọ́ ní ìjọ wa ló ní kí àwa tí a ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ kan kọ ìtàn rẹ̀, kí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá iṣẹ́ kọ́ lè rí nǹkan fi yàn. Bàbá tó wakọ̀ fún ogójì ọdún ti kọ tiwọn, ìyá tó ń gbẹ̀bí náà ti kọ tiwọn. Àgbà ni wọ́n, wọ́n ti fẹ̀yìn tì. Èmi, ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni mí. Ẹ lè bi mí pé kí ni ọmọ ọgbọ̀n ọdún fẹ̀yìn tì sí. Èmi kọ́ ni mo fẹ̀yìn tì. Wọ́n gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ mi ni, inú sì ń bí mi, mi ò ní í díbọ́n fún yín.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ nínú ìwé ìfẹ́. Gbogbo ẹni tí mo bá sọ ọ́ fún ló ń rẹ́rìn-ín. "Àmì? Ìyẹn náà niṣẹ́?" Ó dáa. Ẹ kọ o, kí ẹ kọ k, kí ẹ kọ o sí i, ẹ má fi nǹkan kan sí i lórí tàbí nísàlẹ̀, kí ẹ wá fún ẹni márùn-ún kí wọ́n kà á. Ẹnìkan á lọ sí oko, ẹnìkan á wọ ọkọ̀, ẹnìkan á gbé ọkọ́, ẹnìkan á fẹ́ ọkọ, ẹni karùn-ún á sì sọ ohun tí kò yẹ kí ọmọlúàbí sọ níta. Síbẹ̀ wọ́n ní kì í ṣe iṣẹ́.

Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni wọ́n bí mi sí, Fẹ́yíṣayọ̀ ni orúkọ mi. Nígbà tí bàbá mi kú tí ilé ìwé kò ṣeé ṣe mọ́, ìyá mi mú mi lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, sọ́dọ̀ tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n jọ mọra nídìí àdúrà. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí. Gbogbo àdúgbò ń pe tíṣà náà ní Ìyá Oníwèé. Èmi ń pè wọ́n ní Màmá. Owó tí wọ́n ń fún mi tó mi jẹ, ó tó mi wọ̀, ọ̀rọ̀ ìyẹn ti tán.

Ìwé ìfẹ́ ni Màmá ń kọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti akẹ́kọ̀ọ́ àti ọmọ olówó. Ìfẹ́ àárín àwọn òrìṣà àti ọmọ ènìyàn ni, ìtàn tó ti ilẹ̀ Gíríìkì wá. Bàbá Màmá jẹ́ pásítọ̀ Onítẹ̀bọmi, àwọn òyìnbó Amẹ́ríkà ló kọ́ wọn níwèé, àwọn òyìnbó náà sì fi àpótí ìwé kan sílẹ̀ fún Màmá nígbà tí wọ́n ń lọ. Nínú àpótí náà ni ìwé ńlá kan wà tí èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya dànù, tó kún fún ìtàn àwọn òrìṣà Gíríìkì. Láti kékeré ni Màmá ti ń jí i kà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ohun tí wọ́n wá ṣe ni pé wọ́n kó àwọn òrìṣà náà wá sílẹ̀ wa, wọ́n wọ̀ wọ́n láṣọ. Ọmọbìnrin kan wà tí òrìṣà kan ń lé kiri nínú igbó pé òun fẹ́ ẹ. Ó sá títí, nígbà tí agbára rẹ̀ tán, ó di igi. Igi tí a kì í rí níbí ni igi ọ̀hún nínú ìwé òyìnbó. Lọ́wọ́ Màmá, igi akòko ló dà, òrìṣà náà sì já ewé rẹ̀, ó fi í sórí, ó ní ẹni tí òun kò rí fẹ́ ni òun máa fi ṣe adé. Ìdí nìyẹn, nínú ìwé Màmá, tí a fi ń fi ewé akòko joyè títí dòní. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, mo gbà pé bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí. Tí mo bá lọ sílé ní Ọ̀yọ́ tí mo rí olóyè tí wọ́n fi ewé sí lórí, àánú ọmọbìnrin yẹn á ṣe mí.

Ọjọ́ kejì tí mo dé, Màmá gbé pépà kan fún mi. Wọ́n ti fi taipuráítà tẹ̀ ẹ́, kò sí àmì kankan lórí rẹ̀. Wọ́n fún mi ní báírò tẹ́ẹ́rẹ́.

"Sàmì sí i. Ẹ̀yin ọmọ Ọ̀yọ́ lẹ ní ẹ ni Yorùbá, ẹ jẹ́ kí n rí i."

Gbólóhùn àkọ́kọ́ ni pé ìyá ọmọ náà jí ní kùtùkùtù, ó gba oko lọ. Ẹ̀rù bà mí, mo fi àmì òkè sórí o tó gbẹ̀yìn. Màmá wò ó, wọ́n dá a padà fún mi.

"Kà á sókè."

Mo wo ohun tí mo kọ. Ara mi gbóná.

"Mo ní kà á."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́."

"Ọmọ Ìsàlẹ̀, ibo ni ìyá náà gbà lọ?"

Mo bú sẹ́kún. Màmá kọ́kọ́ mú ojú le, lẹ́yìn náà ni èjìká wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ẹ̀rín yẹn pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí awò ojú wọn fi já bọ́ sórí taipuráítà. "Ó dáa," ni wọ́n ń wí, wọ́n ń nu ojú, "ó ti lọ síbẹ̀. Ọlọ́run á mú un bọ̀."

Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti fi òfin kan lé mi lọ́wọ́: ẹnu ló ń sàmì, báírò kàn ń tẹ̀ lé e ni. Ọ̀rọ̀ tí mi ò bá tíì fi ẹnu ara mi pè, mi ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ẹ wá wò mí, èmi tí ojú ń tì láti kí ènìyàn lójú ọ̀nà, tí mo jókòó kọjú sí ògiri láti àárọ̀ tí mò ń sọ pé "Olólùfẹ́ mi, ojú rẹ ni mò ń rí nínú omi." Ìyá tó ń rán aṣọ ní ojúlé kejì yọjú lójú fèrèsé.

"Ìyá Oníwèé, ta ni ọmọ yín ń bá sọ̀rọ̀ ìfẹ́?"

"Ògiri ni," Màmá dáhùn. "Wọ́n ti mú ọjọ́ ìgbéyàwó."

Màmá le. Àṣìṣe kan lójú ìwé, gbogbo ojú ìwé náà ni mo máa tún kọ. Típẹ́ẹ̀sì, ọ̀dà funfun tí wọ́n fi ń pa àṣìṣe rẹ́, kò gbọdọ̀ wọlé. Wọ́n ní ẹni tó bá ní típẹ́ẹ̀sì lọ́wọ́ kì í bẹ̀rù. Ọjọ́ kan tí mi ò lè gbàgbé ni ọjọ́ ìyàwó tuntun kan nínú ìwé, tí ìyá ọkọ rẹ̀ gbé oúnjẹ ka iwájú rẹ̀, tó sọ pé, "Máa jẹun, ọmọ mi." Mo kánjú, mo kọ "Má jẹun." Lóhùn tiwa, "máa" ló ń pàṣẹ pé kí nǹkan ṣẹlẹ̀, "má" ló ń pàṣẹ pé kó má ṣẹlẹ̀. Lẹ́tà a kan ṣoṣo ló yà wọ́n. Màmá ka ojú ìwé náà tán. Iyán ti wà lórí tábìlì, mo ti bo ọbẹ̀. Wọ́n ká ọwọ́ lé àyà, wọ́n jókòó.

"Màmá, oúnjẹ ń tutù."

"Wọ́n ní kí n má jẹun."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀, mà?"

"Ìwọ ni. O kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwọ náà ò ní í jẹ, títí o fi máa wá ibi tí o ti sọ ọ́ rí."

Iyán yẹn di òkúta kí n tó rí a tí mo jẹ mọ́ ọn lẹ́nu. A jọ jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, Màmá ń wa eyín mọ́ ọn. Ohun tí wọ́n sọ nìyí: "Ọ̀rọ̀ ló ń yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ náà ló ń yọ ọfà lápó. Báírò ọwọ́ rẹ yẹn ló máa sọ èyí tí wọ́n máa yọ." Láti ìgbà náà, ní ọdún mẹ́tàdínlógún, mi ò ṣi má àti máa pè mọ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Àwọn kan ní ìjọ Màmá kò fẹ́ràn ìwé wọn. Wọ́n ní ìbọ̀rìṣà ni. Ó máa ń bí mi nínú títí di òní. Màmá ní, "Tí Pásítọ̀ bá dúró lórí pẹpẹ tó ní báyìí ni Gíríìkì ṣe pe ọ̀rọ̀ yìí, gbogbo yín á ṣe àmín. Tí èmi bá pe Gíríìkì, ó di Èṣù." Wọ́n á lọ sí ìsìn, wọ́n á padà wá tẹ̀wé. Àwọn obìnrin tó ń sọ̀rọ̀ wọn láìdáa náà ló ń rán ọmọ wá lẹ́yìnkùlé pé kí Ìyá Oníwèé fún àwọn ní èyí tó jáde kẹ́yìn.

Irinṣẹ́ yí padà lójú mi. Taipuráítà Màmá ti darúgbó, lẹ́tà a rẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ pépà. Tí wọ́n bá tẹ a méjì tẹ̀ lé ara wọn, méjèèjì á gun ara wọn, pépà á ya. Màmá ṣètò rẹ̀ pé lẹ́tà a kan ni àwọn á máa tẹ̀, èmi á fi báírò kọ ìkejì sí i. Kò sí máa kan nínú gbogbo ìwé wọn tí kì í ṣe ọwọ́ mi ló parí rẹ̀. Nígbà tó yá, a ń gbé iṣẹ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn oníkọ̀ǹpútà ní Takie, láàárín ìgboro Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn yẹn á tẹ̀ ẹ́ kíá, ṣùgbọ́n àmì wọn ń fò, ẹ ó rí ibi tí wọ́n ti fi àpótí kékeré rọ́pò lẹ́tà ẹ. Mo tún ń fi ọwọ́ ṣe é. Lẹ́yìn náà ni fóònù dé, mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ lẹ́tà mọ́lẹ̀ kí àmì lè yọ. Mo kọ́ gbogbo rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo kórìíra ohun tuntun.

Ìwé tí Màmá kọ kẹ́yìn ni wọ́n pè ní *Kóró Márùn-ún*. Ojú wọn ti ń ṣókùnkùn nígbà náà, ìka wọn ló ń wá lẹ́tà rí. Ìtàn ọba ìsàlẹ̀ ilẹ̀ ni, ọba ìlú àwọn òkú, tó rí ọmọbìnrin olóko ọkà níbi tó ti ń já òdòdó, tí ilẹ̀ là, tó gbé e wọlẹ̀ lọ. Màmá máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Ọmọ Ìsàlẹ̀, bùọ̀dá yín ló tún dé yìí o." Ìyá ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Ìbànújẹ́ rẹ̀ ni kò jẹ́ kí òjò rọ̀, ọkà gbẹ, ilẹ̀ sán. Nínú ìwé òyìnbó, ọba náà fi ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ fún ọmọ náà ní èso kan tí kóró rẹ̀ kéré, ó jẹ mẹ́fà láìmọ̀, ó sì di dandan kó máa padà síbẹ̀ lọ́dọọdún, kóró kan, oṣù kan.

Èyí ń bí Màmá nínú. "Wọ́n tàn án jẹ! Kí ni ìfẹ́ nínú ìyẹn?" Wọ́n sọ èso náà di àgbálùmọ̀, nítorí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni àgbálùmọ̀ ń pọ́n, ìgbà tí ọmọ náà wà nísàlẹ̀. Èmi ni mo sọ pé, "Màmá, àgbálùmọ̀ kì í ní kóró mẹ́fà. Tó bá pọ̀ jù, márùn-ún." Wọ́n ní kí n lọ ra wá. A la àgbálùmọ̀ odidi agbọ̀n kan, a kò rí mẹ́fà. Mẹ́fà di márùn-ún, oṣù ẹ̀ẹ̀rùn náà sì jẹ́ márùn-ún. Inú Màmá dùn bí ẹni pé èmi ni mo dá àgbálùmọ̀.

A wá dé òpin ìwé náà. Ìránṣẹ́ ti dé láti òkè pé kí ọmọ máa bọ̀ wálé. Ọmọ náà ń sunkún, ojú rẹ̀ wà lọ́nà. Ọba dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Lórí pépà, ohun tó sọ ni *Ma lo*. A kan ni, bí gbogbo ìgbà. Mo ṣí ẹnu láti pè é, mi ò lè pè é. Má lọ ń dún bí ìfẹ́. Máa lọ náà ń dún bí ìfẹ́.

"Màmá, má ni àbí máa?"

Wọ́n dijú. Mo rò pé wọ́n ń sùn.

"Kí ni ìwọ rò pé ó sọ?" ni wọ́n wá wí.

Wọn ò bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Mo ronú nípa kóró àgbálùmọ̀, bó ṣe tóbi, bó ṣe le, bí àwọn ìyá wa ṣe ń kìlọ̀ fún wa kí a má gbé e mì. Kò sí ẹni tó lè gbé kóró àgbálùmọ̀ márùn-ún mì láìmọ̀. Ẹni tó bá gbé e mì, ó mọ̀ ọ́n mọ̀ ni.

"Máa lọ ni, Màmá. Ó ní kó máa lọ. Ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé má lọ, tó bá ráyè, á sá lọ pátápátá. Ẹni tí wọ́n sọ fún pé máa lọ nìkan ló lè yíjú padà, tó máa gba èso lọ́wọ́ ọkùnrin náà, tó máa gbé kóró rẹ̀ mì lójú rẹ̀."

Màmá gba pépà náà, wọ́n gbé e sún mọ́ ojú. Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé àwọn fúnra wọn ò tíì pinnu.

"Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀," ni wọ́n wí.

Nínú gbogbo ìwé tí mo fọwọ́ kàn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ni tèmi. A kan. Ẹ jẹ́ kó yé yín, nítorí òun ni mo ṣe ń kọ gbogbo èyí.

Màmá kú nígbà ọyẹ́, kí ìwé náà tó délé ìtẹ̀wé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn, Bùọ̀dá Káyọ̀dé, tí wọ́n ní ilé ìtẹ̀wé ní Ọ̀yọ́, ní Ìsàlẹ̀ ibi tí wọ́n bí mi sí gan-an, ni wọ́n wá kó pépà. Méjì ni ìwé náà: èyí tí mo ti sàmì sí, àti èyí tí pépà kábọ̀n tẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, tí kò ní àmì kankan. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò tí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́ tán.

"Fẹ́yi, lọ sinmi," ni wọ́n wí. "Kọ̀ǹpútà tí a ń lò báyìí ń sàmì fúnra rẹ̀. Ohun tí ìwọ ń fi oṣù mẹ́ta ṣe, á ti ṣe é kí n tó mu ẹ̀kọ gbígbóná kan tán."

Mo ní, "Ẹ ṣé, sà." Báyìí ni iṣẹ́ ọdún mẹ́tàdínlógún ṣe parí. Kò ju ẹ̀kọ gbígbóná kan lọ.

Ìrántí ọdún kan Màmá ni ìwé náà jáde. Lẹ́yìn ìsìn, gbogbo wa wà nínú gbọ̀ngàn ìjọ, wọ́n pín ìwé. Mo jókòó sẹ́yìn, mi ò tíì ṣí tèmi. Ìyá Ààrẹ, olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin, tó jẹ́ pé Màmá ló kọ́ wọn ní kékeré, dìde pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́.

"Káyọ̀dé, ṣé Tíṣà ló kọ èyí?"

"Àwọn ni, mà."

Wọ́n kà á sókè: "Ọmọ náà ń sunkún, ojú rẹ̀ wà lọ́nà. Ọba dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó ní, 'Má lọ.'" Wọ́n pa ìwé dé. "Ọkùnrin jí ọmọ ọlọ́mọ gbé. Ọmọ ń sunkún ilé. Ó dínà mọ́ ọn, ó ní kò gbọdọ̀ lọ. Ẹ̀yin òbí, tó bá jẹ́ ọmọ yín, ṣé ìwé ìfẹ́ lẹ máa pè é, àbí ọlọ́pàá lẹ máa pè?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àwọn kan ń mi orí. Ẹnìkan ní, "Àgbà ti dé sí Tíṣà nígbà yẹn." Ohun tó dùn mí jù ni pé òótọ́ ni Ìyá Ààrẹ sọ. Bí wọ́n ṣe kà á yẹn, ìtàn burúkú ni. Kóró àgbálùmọ̀ wá di ohun tí wọ́n ki bọ ọmọ kan lẹ́nu.

Bùọ̀dá Káyọ̀dé dìde, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ má bínú, mà. Àmì ló ṣì. Fẹ́yi tó wà lẹ́yìn yẹn ló máa ń bá wọn sàmì. Ẹ ṣáà mọ̀ pé kò kàwé."

Gbogbo ojú yí padà sí mi. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ahọ́n mi lẹ̀ bí lẹ́tà a Màmá. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà kún gbọ̀ngàn yẹn. Orí mi wọ́, wọ́n ń wò ó. Ìyá tó ń ránṣọ, tó ti gbọ́ mi tí mò ń bá ògiri sọ̀rọ̀ láti kékeré, ń wo ilẹ̀.

Láti ibí yìí lọ, mi ò ní í pe Káyọ̀dé ní "wọ́n" mọ́ nínú ìwé yìí. "Ó" ni mo máa pè é. Ìyá mi á bínú tó bá kà á. Kó bínú.

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, mo wọkọ̀ lọ sí Ọ̀yọ́. Mo bá Káyọ̀dé nílé ìtẹ̀wé rẹ̀, obìnrin kan ń di ìwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà."

"Áà, Fẹ́yi! Ìyàwó ọba ìsàlẹ̀ ilẹ̀! Ṣé ó ti dá ọ sílẹ̀?"

Mi ò rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Bùọ̀dá, máa lọ ni, kì í ṣe má lọ."

"Kí ni ìyàtọ̀ wọn?"

Mi ò mọ ibi tí mo ti rí ẹnu. "Ẹ máa wá sílé wa, sà. Ẹ má wá sílé wa, sà. Èwo lẹ fẹ́ kí n fi kí yín?"

Obìnrin tó ń di ìwé fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ bo ẹnu. Ojú Káyọ̀dé yí padà. Ó fa pépà kan yọ, èyí tí kò ní àmì, ó nà án sí mi lójú. "Wò ó. Èyí tó mọ́ la lò, kọ̀ǹpútà ò lè ka ti báírò ọwọ́ rẹ. M wà níbí. A mélòó lo rí?"

"Ọ̀kan."

"Ó parí."

"Lẹ́tà a ẹ̀rọ Màmá ń lẹ̀ mọ́ pépà ni. Èmi ni mo ń kọ ìkejì. Ó wà nínú èyí tí mo sàmì sí. Ibo ni ẹ fi í sí, sà?"

Kó tó dáhùn, mo ti rí i. Wọ́n ti ya á sí wẹ́wẹ́, ó wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀rọ, òun ni wọ́n fi ń nu yíǹkì. Mo mọ ọwọ́ mi. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan níṣojú rẹ̀. Mi ò rí ojú ìwé yẹn. Èyí tí mo rí ni ibi tí ìyá ń pe orúkọ ọmọ rẹ̀ nínú oko gbígbẹ. Yíǹkì ti bo gbogbo orúkọ náà, àmì orí rẹ̀ ló kù.

"Fẹ́yi, a ti tẹ̀ ẹ́ ná," Káyọ̀dé wí. "Ìwé ti wà ní Takie. Tìtorí a kan ṣoṣo ni kí n ṣe da gbogbo rẹ̀ nù?"

"Tó bá jẹ́ a kan ṣoṣo ni, sà, kò ní í ṣòro láti fi kún un."

"Ó dáa!" Ó rẹ́rìn-ín, ó yíjú sí obìnrin náà kó lè bá a rín in. "Ìwọ lọ fi kún un."

Mo kí i pé ó dàbọ̀. Mo wọkọ̀ padà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń yan iṣẹ́, tí ẹ bá bi mí pé ṣé kí ẹ kọ́ èyí tí mo kọ́, mi ò mọ̀. Ẹ̀rọ ti ń ṣe é. Ó ń ṣe é dáadáa níbi púpọ̀, mi ò ní í purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé ẹnu ilẹ̀kùn ọba yẹn, kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni pé má ni àbí máa. Iṣẹ́ yòówù tí ẹ bá kọ́, ẹ wá ọ̀gá tó máa jẹ́ kí iyán tutù mọ́ yín lójú. Tí ẹnikẹ́ni bá sì sọ pé ohun tí ẹ ń ṣe kò ju lẹ́tà kan lọ, ẹ bi í pé kí ló dé tí òun ò fi lè tún lẹ́tà kan náà ṣe.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo ti Ọ̀yọ́ dé, mo mú báírò tẹ́ẹ́rẹ́, mo lọ sí Takie, sọ́dọ̀ Bàbá Mùrí tó ń ta ìwé létí ọ̀nà. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí n jókòó sórí bẹ́ǹṣì wọn. Mo gbé *Kóró Márùn-ún* tí wọ́n tò kalẹ̀ sí itan, mo ṣí àkọ́kọ́ sí ibi tí ọba dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Mo pè é sókè, bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Lẹ́yìn náà ni mo kọ lẹ́tà a kan sí àárín. Mo fẹ́ atẹ́gùn sí i kó gbẹ, mo gbé e sọ́wọ́ òsì, mo ṣí ìkejì.

Nígbà tí mo ti ṣe tó bí ogún, Bàbá Mùrí na ọrùn wò mí.

"Fẹ́yi, láti àárọ̀ lo ti ń sọ pé máa lọ, máa lọ. Ta lò ń sọ fún? Kó má jẹ́ oníbàárà mi lò ń lé o."

"Rárá o, Bàbá. Ẹni tí mò ń sọ fún yìí, tó bá lọ, ó ń padà bọ̀."

Mo ṣí òmíràn.